Oṣù Lé, Wọ́n Ní Kò Gún

Bí àríwísí bá pọ̀ lórí ohun tí apá ẹnikẹ́ni kò ká, òwe kan wà tí àwọn àgbà fi máa ń dáhùn. Wọ́n á ní, "Oṣù lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó tún un ṣe." Òwe náà a sì pa ẹnu gbogbo àríwísí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a fi ìtumọ̀ òwe yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a sì mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bó ṣe wà gan-an. Ǹjẹ́ oṣù tilẹ̀ máa ń gún? Bí ó bá sì gún ní ìlú kan, ṣé ó lè wọ́ ní ìlú mìíràn ní alẹ́ ọjọ́ kan náà? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò sì le ju ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lóye lọ.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí iwájú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 8, Ìbàdàn sì ni wọ́n ń gbé. Olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ya àwòrán òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wá láti ilé. Ọmọ náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, ó wo ojú ọ̀run, ó sì ya ohun tó rí: òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí igbá tí ó ń dúró de ẹni tí yóò bu omi sí i. Nígbà tí ìwé rẹ̀ padà dé, wọ́n ti fi báírò pupa fagi lé e. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ya èyí tó ní ó tọ̀nà, òṣùpá tó dúró ṣánṣán bí dòjé, tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tún, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ náà wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé òṣùpá ti Ìbàdàn ló wọ́ ni?"

Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí n dáhùn tán. Ó ní, "Jẹ́ kó ya èyí tó wà nínú ìwé, jàre. Ìdánwò ló fẹ́ ṣe. Òṣùpá kọ́ ló máa máàkì í fún un." N kò lè pe ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òbí tó ti sanwó ilé-ẹ̀kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ti kọ́ láti ọdún 8 pé kó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára ohun tó rí, kó sì gba ohun tí ìwé wí láìbéèrè, ohun tó pàdánù ju máàkì kan lọ. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti ṣàlàyé, fún òun àti fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ tàbí tí ẹ máa tó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ yẹn kò parọ́, ìwé náà kò sì parọ́. Òṣùpá tí ìwé yà wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ń wò ó bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. Ní Yúróòpù àti ní àríwá Amẹ́ríkà ni a ti ń rí òṣùpá tuntun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ọdún, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú àwọn àwòrán tí a ń dà kọ ti wá. Ẹ wo àwọn àwòrán òṣùpá kéékèèké tó wà lórí fóònù yín, èyí tí a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ sí ara wa. Èyí tí wọ́n pè ní òṣùpá tó ń dàgbà, ọwọ́ ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà. Ojú ọ̀run àríwá ni wọ́n fi ṣe é.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé òṣùpá kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń wò. Bọ́ọ̀lù òkúta ńlá ni, fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 3,474. Ó jìnnà sí wa tó kìlómítà 384,400 bí a bá fi gbogbo rẹ̀ dá wò. Kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn sí i lára. Ní gbogbo ìgbà, ìdajì rẹ̀ tó kọjú sí oòrùn a máa mọ́lẹ̀, ìdajì kejì a sì wà nínú òkùnkùn. Bí ó ti ń yí ayé po, apá kan nínú ìdajì tó mọ́lẹ̀ yẹn ni a ń rí, ó lè kéré, ó lè pọ̀. Láti ìgbà tí oṣù bá lé dé ìgbà tí òmíràn yóò tún lé jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Iye ìmọ́lẹ̀ tí ará Èkó bá rí lára òṣùpá ní alẹ́ kan náà ni ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí, òun náà ni ará Cape Town rí. Bí ó bá jẹ́ àrànmọ́jú níbí, àrànmọ́jú ni lọ́hùn-ún.

Ojú rẹ̀ tí a ń rí pẹ̀lú kò yàtọ̀. Òṣùpá a máa yí ara rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ní àkókò kan náà tó fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ọjọ́ 27 ó lé díẹ̀. Nítorí náà, ojú kan náà ló ń kọ sí wa. Kò sí ìlú kankan lórí ilẹ̀ ayé tí a ti ń rí ẹ̀yìn òṣùpá.

Kí ló wá yàtọ̀? Ibi tí olùwòran dúró sí, àti ibi tó kọjú sí nígbà tó ń wò ó.

Ẹ rántí ọpọ́n ayò. Òǹtayò méjì jókòó, wọ́n kọjú sí ara wọn, ọpọ́n wà láàárín. Ilé ayò tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kan, ọwọ́ òsì ẹnìkejì ló wà. Kò sí ẹni tó yí ọpọ́n padà, kò sì sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Òǹwòran tó dúró ní orí ọpọ́n, tí kò sí lẹ́yìn òǹtayò kankan, kò ní rí i bí ẹnì kankan nínú wọn ṣe rí i. Níwájú rẹ̀, ọpọ́n náà nà lọ gbọọrọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣùpá rí. Àwọn onímọ̀ fi ìlà kan pín ayé sí méjì láti àárín, ìdajì kan ní àríwá, ìdajì kejì ní gúúsù. Ìlà agbedeméjì ayé ni a ń pè é. Ọ̀nà tí òṣùpá ń tọ̀ lójú ọ̀run kì í jìnnà púpọ̀ sí òkè ìlà náà. Lọ́ńdọ́ọ̀nù wà ní nǹkan bí dígírì 51 sí àríwá rẹ̀. Nítorí náà, bí òṣùpá bá ti gòkè dé ibi tó ga jù, gúúsù ni ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní láti kọjú sí kó tó rí i. Cape Town ní tirẹ̀ wà ní nǹkan bí dígírì 34 sí gúúsù ìlà náà. Àríwá ni ará ibẹ̀ yóò kọjú sí. Òǹtayò méjì nìyẹn, òṣùpá sì ni ọpọ́n wọn. Ohun tó wà lókè lójú ẹnì kan wà nísàlẹ̀ lójú ẹnìkejì, ọ̀tún sì di òsì.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùpá ààbọ̀ dán an wò, èyí tí a máa ń rí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí oṣù bá lé. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, òṣùpá yìí a wà lókè, ìdajì rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ a sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn níbi tí oòrùn wà. Ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó kọjú sí gúúsù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ìwọ̀-oòrùn wà, nítorí náà apá ọ̀tún òṣùpá ló mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀. Ará Cape Town tó kọjú sí àríwá, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ìwọ̀-oòrùn wà, apá òsì ni yóò sì sọ pé ó mọ́lẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígírì 7 péré sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Èkó sì tún sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Òṣùpá a máa kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa lórí, ní ìgbà kan díẹ̀ sí apá àríwá, ní ìgbà mìíràn díẹ̀ sí apá gúúsù. Nítorí náà, àǹfààní kan wà fún wa tí kò sí fún ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí ará Cape Town. Ní alẹ́ òṣùpá ààbọ̀, ẹ dúró sí gbangba ní ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ kọjú sí gúúsù, kí ẹ gbójú sókè: ìmọ́lẹ̀ náà wà ní ọ̀tún, bíi ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹ yí padà, kí ẹ kọjú sí àríwá, kí ẹ tún gbójú sókè: ó ti bọ́ sí òsì, bíi ti Cape Town. Ẹsẹ̀ yín kò kúrò lójú kan, òṣùpá kò sì mira.

Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ wa yà kì í ṣe òṣùpá ààbọ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó dà bí igbá. Ọ̀nà tí oòrùn ń gbà wọ̀ ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ní ilẹ̀ wa, oòrùn a máa wọ̀ tààrà bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú kànga. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi máa ń tètè ṣú. Òṣùpá kì í sì í jìnnà sí ọ̀nà tí oòrùn tọ̀. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè ibi tí oòrùn wọ̀ sí gan-an ni yóò wà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá bá a, nítorí náà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló mọ́lẹ̀. A wá rí igbá, a rí ọkọ̀ ojú omi, a rí ìwo màlúù tó kọjú sókè.

Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, oòrùn kì í wọ̀ tààrà. Ṣe ló máa ń yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọmọdé tó ń yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, lọ sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bá òṣùpá tuntun a wá máa ti apá ọ̀tún wá, òṣùpá a sì dàbí ẹni pé ó dìde dúró. Ní Cape Town, ọwọ́ òsì ni oòrùn ń yọ̀ sí bó ṣe ń wọ̀, apá òsì òṣùpá ló sì ń mọ́lẹ̀. Àsìkò ọdún máa ń fi díẹ̀ kún un tàbí yọ díẹ̀ kúrò. Ní nǹkan bí oṣù Kẹta ọdún, òṣùpá tuntun ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù pàápàá a máa fẹ̀yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án, ó ti dìde. Tiwa náà a máa tẹ̀ díẹ̀ sí òsì ní ìgbà kan, díẹ̀ sí ọ̀tún ní ìgbà mìíràn, síbẹ̀ igbá ni.

Ẹ̀fẹ̀ kan wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní èdè Látìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan ń dàgbà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé ó ń dínkù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D. Ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, òṣùpá tó ń dàgbà ló ń jọ D, èyí tó ń dínkù ló ń jọ C. Wọ́n wá sọ òṣùpá lórúkọ òpùrọ́. Bí ẹni tó dá orúkọ náà sílẹ̀ bá jẹ́ ará gúúsù ayé ni, olóòótọ́ ni ì bá pè é, nítorí níbẹ̀, C ń dàgbà, D sì ń dínkù. Ní tiwa, òṣùpá kò jọ C, kò jọ D. Lẹ́tà U ló sún mọ́.

Èyí fi hàn pé òfin ọ̀tún àti òsì tí àwọn ìwé kan fi ń kọ́ ọmọ kò lè ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Òṣùpá tó ń lọ sópin pẹ̀lú, tí a ń rí ní ìdájí, igbá náà ni. Òfin tó wúlò fún wa ni àkókò. Bí ẹ bá rí igbá náà ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni, ó sì ń dàgbà. Bí ẹ bá rí i ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń dínkù, kò ní pẹ́ tí yóò fi wọ òkùnkùn. Òfin yìí kò yí padà ní ibikíbi tí ènìyàn ń gbé. Àwọn Mùsùlùmí ilé wa tí wọ́n máa ń jáde wo oṣù ní ìparí oṣù Ṣáábánì kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀.

Àwòrán tó wà lójú òṣùpá náà kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ní ilé wa, wọ́n ní ọkùnrin tó ń la igi ni. Ní ilẹ̀ Ṣáínà àti Jàpáánù, ehoro ni wọ́n ń rí. Nígbà tí Galileo kọ awò tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra sí òṣùpá ní ọdún 1609, ó rí òkè àti àfonífojì níbẹ̀. Àwọn apá tó dúdú, tí wọ́n ń pè ní òkun, kò ní omi kankan. Òkúta tó yọ́, tó ṣàn, tó sì dì ní ayé àtijọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn, Òkun Ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ni Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gúnlẹ̀ sí ní oṣù Keje ọdún 1969.

Ẹ wo òṣùpá àrànmọ́jú nígbà tó bá ń yọ, kí ẹ tún wò ó ní ìdájí nígbà tó bá ń wọ̀. Etí rẹ̀ tó ṣíwájú yọ náà ni yóò ṣíwájú wọ̀. Èyí tó wà lókè ní àṣálẹ́ ti wà nísàlẹ̀ ní ìdájí, tí ọkùnrin tó ń la igi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dorí kodò. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, yóò yí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yí tó tiwa. Ará Cape Town tó bá wò ó láàárín òru yóò rí i ní ìdoríkodò sí bí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe rí i.

Nígbà tí mo ṣàlàyé gbogbo èyí tán, a gé bébà kan bí òṣùpá ààbọ̀, a kun apá kan ní dúdú, a fi apá kejì sílẹ̀ ní funfun, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà pálọ̀. Mo dúró ní ìhà kan, ọmọ náà dúró ní òdìkejì, a kọjú sí ara wa, a jọ gbójú sókè. Mo ní ọ̀tún ló funfun, ó ní òsì ni. Ìyá rẹ̀ tó ń kọjá lọ sí ilé ìdáná dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó wò ó, ó ní, "Èmi ò rí ọ̀tún, èmi ò rí òsì. Ìsàlẹ̀ ló funfun lójú tèmi." Inú ọmọ náà dùn, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ wà ní Ìbàdàn."

Ní ti ìdánwò, ìmọ̀ràn tí mo fún wọn kò ju èyí lọ: kí ọmọ náà ya méjèèjì, kí ó kọ "bí a ṣe ń rí i ní Yúróòpù" sábẹ́ ọ̀kan, kí ó sì kọ "bí a ṣe ń rí i ní Ìbàdàn" sábẹ́ èkejì. Ìyá rẹ̀ gbà. Ó sì kọ lẹ́tà kékeré kan sí olùkọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n dákun wo ojú ọ̀run nígbà tí oṣù bá tún lé. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Olùkọ́ tó ní ọmọ 40 nínú kíláàsì kò nílò ẹni tí yóò wá bá a jà, ṣùgbọ́n yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi ohun tó lè fojú ara rẹ̀ rí hàn án.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àbúrò ní Johannesburg, ọ̀rẹ́ ní Sydney. Ní ìgbà tí oṣù bá tún lé, kí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kọjá, ẹ ní kí olúkúlùkù jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ó fi pẹ́ńsùlù ya ohun tó rí, kí ó fa ìlà ilẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i. Ẹ má ṣe fi fóònù yà á, nítorí bí ọwọ́ bá ti yí fóònù, òṣùpá inú rẹ̀ náà ti yí. Ẹ to àwọn àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọ sọ ìlú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá kí wọ́n tó ka ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀.